Ṣé Kí Onígbàgbọ́ Dá Ẹgbẹ́ Òṣèlú Tirẹ̀ Ní?

 

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ màmá kan tí ń ta aṣọ ní Òmù-Àrán. Wọ́n ní àwọn kan nínú ìjọ àwọn ń sọ pé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ńláńlá ti bàjẹ́, pé kí gbogbo onígbàgbọ́ kó ìbò wọn fún ẹgbẹ́ kékeré kan tí àwọn ọmọ Ọlọ́run ń darí, ìbáà wọlé, ìbáà má wọlé. Mùsùlùmí sì ni baálé wọn. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé láìjà lórí ẹ̀sìn. Nígbà tí bàbá gbọ́, wọ́n ní, "Ṣé èmi náà ni ẹ fẹ́ dìbò lé kúrò nílùú ni?" Ìbéèrè màmá sí mi kò gùn: "Tísà, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn ará ìjọ yín láre níbi tí wọ́n ti jàre. Ìbò kì í ṣe tẹ́tẹ́. Bí ọkàn ènìyàn kò bá gba àwọn ẹgbẹ́ ńlá, kò sí òfin tí ó ní kí ó mú ọ̀kan nínú wọn dandan. Àwọn tí ń pariwo pé "ìbò yín yóò ṣòfò" sábà máa ń jẹ́ àwọn tí ń wá ìbò náà fún ara wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ojú àwọn tó ti rin ọ̀nà náà ṣáájú rí. Pásítọ̀ Chris Okotie ti Èkó, ẹni tí ó jẹ́ gbajúmọ̀ olórin kí ó tó di oníwàásù, díje fún ipò ààrẹ ní 2003 lábẹ́ ẹgbẹ́ Justice Party. Ó tún díje ní 2007 àti 2011 lábẹ́ Fresh Democratic Party tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ní 2011 yẹn, Goodluck Jonathan ní ìbò tí ó lé ní mílíọ̀nù 22; ti Okotie kò tó 100,000 ní gbogbo Nàìjíríà. Kì í ṣe pé onígbàgbọ́ kò pọ̀. Èrò tí ń péjọ fún ìsìn lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ju iye ìbò yẹn lọ fíìfíì. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé bí onígbàgbọ́ bá dé ibi ìdìbò, iye owó ìrẹsì, ọ̀nà ìlú rẹ̀ àti ọmọ ìlú rẹ̀ ni ó máa ń rò. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 pẹ̀lú, ní abala 222, kò gbà kí orúkọ tàbí àmì ẹgbẹ́ òṣèlú fi ẹ̀sìn hàn.

Àwọn àgbà apá Òkè Ọya ti dán irú rẹ̀ wò kí wọ́n tó bí èmi. Nígbà tí Ìgbómìnà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Àríwá ní Kaduna, ní nǹkan bí 1949 sí 1950, Pásítọ̀ David Lot láti ilẹ̀ Plateau wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ní Àríwá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa orúkọ náà dà sí Middle Zone League. Lójú tèmi, ọgbọ́n ńlá ni: wọ́n yí ọ̀rọ̀ kúrò lórí ẹ̀sìn, wọ́n gbé e ka orí ilẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni United Middle Belt Congress ti jáde ní 1955, tí Joseph Tarka, ọmọ Tiv, wá di aṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ìpínlẹ̀ tiwọn, wọ́n sì bá Action Group ti Awólọ́wọ̀ dọ́wọ́ pọ̀. Ní ìbò 1959, àga 25 ni ìdàpọ̀ yìí gbà ní Àríwá. Wọn kò ṣe ìjọba Kaduna rí, ìgbìmọ̀ Willink kò sì gbà fún wọn ní 1958. Ṣùgbọ́n ní 27 Oṣù Karùn-ún 1967, nígbà tí Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, Benue-Plateau wà níbẹ̀, Kwara wà níbẹ̀. Mùsùlùmí Ìgbómìnà àti Kristẹni Ìgbómìnà ni wọ́n jọ bọ́ sínú Kwara lọ́jọ́ kan náà.

Ní Amẹ́ríkà, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé báyìí, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n kórìíra ọtí dá Prohibition Party sílẹ̀ ní 1869. Ní ìbò ààrẹ 1884, wọ́n fa John St. John kalẹ̀, ẹni tí ó ti ṣe gómìnà Kansas lábẹ́ ẹgbẹ́ Republican rí. Ní ìpínlẹ̀ New York, Cleveland ti Democrat fi ìbò tí ó lé díẹ̀ ní 1,000 borí Blaine ti Republican. St. John kó nǹkan bí 25,000 níbẹ̀. New York yìí ni ó sì sọ ẹni tí yóò di ààrẹ. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹ ti ń ṣírò èrè ọjà: ká ní ìdá kan péré nínú ogún àwọn olùdìbò St. John bá Blaine lọ, Blaine ni ìbá wọlé. Ẹgbẹ́ tí ó sún mọ́ wọn jù ni wọ́n bà jẹ́, ọtí sì ń ṣàn lọ.

Àwọn mìíràn wá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀. Anti-Saloon League, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1893, kò fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀. Ìbéèrè kan ni wọ́n ń bi olùdíje, ì báà jẹ́ Republican, ì báà jẹ́ Democrat: ṣé wàá bá wa lé ọtí lọ? Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn a kó ìbò fún un. Ní 1919, ìfòfindè ọtí wọ inú ìwé òfin Amẹ́ríkà. (Wọ́n fagi lé e ní 1933, ṣùgbọ́n ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Àwọn onígbàgbọ́ kan ṣì wà níbẹ̀ nínú Constitution Party, tí Howard Phillips dá sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Títí di ìbò 2024, kò tíì mú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo nínú ìbò ààrẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé 2023 kọ́? Tinubu àti Shettima, Mùsùlùmí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ Kristẹni bínú, wọ́n gba ọ̀dọ̀ Peter Obi lọ. Ó ṣe ipò kẹta pẹ̀lú ìbò 6,101,533, ó sì mú Èkó. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni Labour, kì í ṣe ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1993 ẹ̀wẹ̀, Mùsùlùmí ni Abíọ́lá àti Kingibe, síbẹ̀ Kwara dìbò fún wọn, Kristẹni rẹ̀ kò yọ ara wọn sílẹ̀.

Nítorí náà, màmá, bí wọ́n bá tún dé, ẹ bi wọ́n bí ẹ ti ń bi ẹni tó gbé aṣọ wá fún yín: kí ni ẹ gbé dání? Bí wọ́n bá ní "ọmọ Ọlọ́run ni olùdíje wa", wọn kò tíì tú ẹrù. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ kí owó oṣù tísà máa jáde lásìkò, kí ọkọ̀ lè rìn láti ọ̀dọ̀ wa ní Bàbáńlá dé Ìlọrin láìsí ìbẹ̀rù, bàbá náà lè jókòó gbọ́ ọ. Ẹ tún béèrè ta ni wọ́n ní ní wọ́ọ̀dù yín. Ẹgbẹ́ tí kò ní kánsẹ́lọ̀ kan, tí kò ní aṣojú tí yóò dúró ti àpótí títí wọn yóò fi ka ìbò tán, tí ó wá ń béèrè ipò ààrẹ, òrùlé ni ó ti ń kọ́lé bọ̀.

Ohun kan ni n kò fẹ́ gbọ́ lórí pẹpẹ: pé ẹni tí kò bá bá wọn dìbò kì í ṣe onígbàgbọ́. Nínú ìwé tí mo fi ń pe orúkọ ọmọ ilé-ìwé láràárọ̀, Rasheed àti Samuel lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ máa wo ara wọn bí ọ̀tá nítorí kánsẹ́lọ̀.

Ní ti baálé yín, ẹ sọ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ẹ kò dìbò lé ẹnikẹ́ni kúrò nílùú. Ẹni tí ẹ bá sì tẹ̀ka fún, kò di dandan kí ẹ sọ ọ́ fún wọn, tàbí fún pásítọ̀. Torí èyí ni wọ́n ṣe ń ṣe ibi ìtẹ̀ka sí kọ̀rọ̀, kí ojú ẹlòmíràn má baà tó o.