Ẹ Má Dúró De Kọ́ńpìnnì: Sáfíìsì Àkọ́kọ́ Katakata Yín, Ọwọ́ Yín Ló Wà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ dáwó jọ ra katakata kékeré, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìbàdàn tàbí Èkó tí awakọ̀ ń bá yín fi tiyín túlẹ̀ lóko, ẹ̀yin ni mo ń bá wí.

Ìgbàgbọ́ kan ti rinlẹ̀ láàárín wa. Wọ́n ní ẹni tó ra katakata tuntun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ títí àwọn tó tà á yóò fi wá ṣe sáfíìsì àkọ́kọ́. Wọ́n ní bí olówó rẹ̀ bá fi sípánà tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, wáráǹtì ti wọmi nìyẹn. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpùrọ́. Owó gọbọi ni wọ́n ná, ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ó má ṣòfò. Síbẹ̀, ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, òun gan-an ló sì ń ba katakata jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí sáfíìsì yìí wà fún. Ìwé ìlò ọ̀pọ̀ katakata kékeré, irú bíi ti Kubota àti John Deere, sọ pé tí mítà bá ti ka wákàtí 50, kí a pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà rẹ̀, kí a sì pààrọ̀ fílítà ọ́ìlì haidirọ́líìkì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn lè lo wákàtí 200 kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó tún tó pààrọ̀. Kí ló dé tí ti àkọ́kọ́ fi yá tó bẹ́ẹ̀? Irin tuntun kò tíì mọ ara wọn. Píṣítìnì ń ha ara ihò rẹ̀, eyín jíà ń gbo ara wọn títí wọn yóò fi bára mu. Èérún irin tó ń bọ́ lára wọn, inú ọ́ìlì ló ń lọ. Fílítà ń mú un, ṣùgbọ́n fílítà máa ń kún. Bó bá dí, fáàfù kan á ṣí kí ẹ́ńjìnnì má baà gbẹ, ọ́ìlì tí a kò sẹ́ á sì máa gba ibẹ̀ kọjá sára irin.

Nítorí náà, àsìkò ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, katakata kì í sinmi. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ yóò pé wákàtí 50 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Olówó rẹ̀ á pe kọ́ńpìnnì, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Kò sẹ́ni tí yóò so katakata mọ́lẹ̀ nígbà tí gbogbo abúlé ń wá ẹni tí yóò bá wọn túlẹ̀, iṣẹ́ á sì máa lọ. Mítà á ka 100, á ka 150, ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i láti ilé iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú èérún irin nínú rẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Wọ́n á ní, “Wáráǹtì ńkọ́?” Ẹ ṣí ìwé wáráǹtì yín, kí ẹ kà á tán. Ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbé lé olùtà lórí ni àbùkù tó ti ilé iṣẹ́ wá. Ohun tó sì sábà máa ń yọ sílẹ̀ ni ìbàjẹ́ tó ti ara àìṣe sáfíìsì lásìkò wá, tàbí ti ọ́ìlì tí kì í ṣe irú èyí tí ìwé ìlò pè fún. Ẹni tó ń dúró de kọ́ńpìnnì títí mítà fi ka 150, òun ló ń fi wáráǹtì ṣeré, kì í ṣe ẹni tó pààrọ̀ ọ́ìlì ní 50. Òfin ààbò oníbàárà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2018 lòdì sí kí oníṣòwò máa fi tipátipá so ọjà kan mọ́ òmíràn lọ́rùn oníbàárà. Ní Amẹ́ríkà, òfin Magnuson-Moss ti ọdún 1975, tó wà fún ọjà tí ènìyàn ń rà fún ìlò ara rẹ̀ tàbí ti ilé, kò gbà kí olùtà sọ pé wáráǹtì kú nítorí pé ẹlòmíràn ló ṣe sáfíìsì, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Bí olùtà tiyín bá sọ ọ́ ní àkọsílẹ̀ pé àwọn yóò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ní wákàtí 50, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n dá ọjọ́, kí wọ́n sì pa á mọ́.

Àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà jà pẹ́ lórí ẹ̀tọ́ láti tún ẹ̀rọ oko wọn ṣe, títí ìpínlẹ̀ Colorado fi ṣòfin rẹ̀ lọ́dún 2023. Sọ́fítíwíà, irinṣẹ́ àti ìwé àtúnṣe tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fi pamọ́ ló dájà sílẹ̀. Kì í ṣe ti ọ́ìlì àti fílítà. Ohun tí ìwé ìlò fúnra rẹ̀ kọ́ olówó ẹ̀rọ bí yóò ṣe ṣe ni àwa ń bẹ̀rù.

Wọ́n á tún ní iṣẹ́ náà le. Ẹ wò ó bó ṣe rí. Ẹ gbé katakata sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ sọ ohun tó gbé sẹ́yìn kalẹ̀, ẹ fa búréèkì ọwọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀ kí ọ́ìlì lè ṣàn, ẹ pa á, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín, nítorí ọ́ìlì náà gbóná. Bó ti ń dà, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kan inú abọ́. Bí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá dà bí ẹ̀tù dúdú, tó kúnná, irin tó ń mọ ara wọn nìyẹn. Bí ẹ bá rí èérún tó ṣeé fi ìka mú, ẹ dúró, ẹ pe kọ́ńpìnnì lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ohun tí wáráǹtì wà fún nìyẹn. Ẹni tí kò bá tú u fúnra rẹ̀ kò ní rí àmì yìí láéláé.

Ẹ tú fílítà àtijọ́, kí ẹ rí i pé rọ́bà rẹ̀ bá a jáde, pé kò lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà ti tuntun, ẹ fi ọwọ́ yí i títí rọ́bà yóò fi kan ojú ibẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí i díẹ̀ sí i bí ìwé ìlò bá ṣe sọ. Ẹ má fi sípánà fún un. Ẹ dá nọ́ọ̀tì ìdí padà, kí ẹ tó da ọ́ìlì sí i. Nínú ooru tiwa, 15W-40 ni ọ̀pọ̀ ìwé ìlò dísẹ́ẹ̀lì kékeré fàyè gbà. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀, kí ẹ wá fa géèjì yọ láti wò ó. Ti haidirọ́líìkì náà kò ju báyìí lọ, àmọ́ ọ́ìlì tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má ṣe da ti ẹ́ńjìnnì sí i.

Ẹ wá di bóòtì táyà bó ti yẹ, ẹ fún àwọn oríkèé tó yẹ ní gíríìsì, ẹ gbọn pàǹtí ojú ráàdíétọ̀ dànù. Ìwọ̀nba sípánà, abọ́, mágínẹ́ẹ̀tì àti gíríìsì gọ́ọ̀nù ló gbà. Ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́mù tó kù, ẹ dà á sí kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e. Ẹ má dà á sódò tàbí sílẹ̀ oko tí ẹ ó jẹ lára rẹ̀.

N kò sọ pé kí ẹ lé mẹkáníìkì. Nọ́súlù, inú gíábọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ tó ń fún dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì: ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló ni ín. Bí páìpù haidirọ́líìkì bá ń jò, ẹ má fi ọwọ́ wá ojú ibi tó ti ń jò, torí agbára rẹ̀ lè gún ọ́ìlì wọ awọ ara. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti da ọ́ìlì katakata rẹ̀ nù rí, tó mọ bí èyí tó mọ́ ṣe ń rí àti bí èyí tó bàjẹ́ ṣe ń rí, kò sí mẹkáníìkì tí yóò fi àbùkù tí kò sí gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ra katakata, ẹ ra fílítà méjèèjì àti ọ́ìlì pọ̀ mọ́ ọn láti ọwọ́ ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ayédèrú kún ọjà. Ẹ tọ́jú rísíìtì wọn. Ẹ ya fọ́tò mítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ẹ bá parí, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sínú ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fi wáráǹtì dẹ́rù bà yín, ìwé yẹn ni kí ẹ fi hàn án. Ẹ kọ́ awakọ̀ yín, ẹ kọ́ ọmọ yín, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bí mítà bá ti ka 50, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ mú sípánà.