Ọmọ Tí Ó Mọ Ọwọ́ Wẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Àjọjẹ àti Oúnjẹ Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ èdè Yorùbá. Ìtumọ̀ tí àwọn olùkọ́ máa ń fún un ní ilé ẹ̀kọ́ ni pé ọmọ tí ó bá ní ìwà yóò bá àwọn ẹni ńlá kẹ́gbẹ́. Ìtumọ̀ náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú òwe náà tí ó yẹ kí ìran òde òní wò. Kí ọmọdé tó lè bá àgbà jẹun, àgbà gbọ́dọ̀ wà nílé, oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jókòó tì í ní àkókò kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí, ọmọdé wà, àgbà wà, omi ìwẹwọ́ náà wà. Ìjókòó yẹn ni kò sí mọ́.

Ẹ wo ilé òṣìṣẹ́ kan nínú ìlú ńlá bí Èkó tàbí Ìbàdàn. Bàbá ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀dọ̀ olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ó ti jẹ tàárọ̀, bùkátẹ́ríà ni ó ti jẹ tọ̀sán. Ìyá ra búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Àwọn ọmọ ti ilé ẹ̀kọ́ dé, wọ́n se Indomie, kálukú sì gbé abọ́ tirẹ̀ lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n tàbí sídìí fóònù. Nígbà tí àwọn òbí wọlé lálẹ́, ọ̀kan wá ìrẹsì àná jẹ, èkejì ní ó ti rẹ òun, òun kò jẹ mọ́. Gbogbo wọn ni ó jẹun ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ẹnì kejì jẹ.

Ètò oúnjẹ kò rí bẹ́ẹ̀ nínú agbo ilé àtijọ́. Kì í ṣe pé gbogbo agbo ilé ń jẹun nínú abọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ọkùnrin a jókòó ti abọ́ tiwọn, àwọn obìnrin a wà pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ a sì yí tiwọn ká. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń dá jẹun bí ẹni tí ó ń sá fún ènìyàn. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ pàápàá gbọ́dọ̀ gbọ́ ‘Ẹ wá jẹun o.’ Bí kò tilẹ̀ ní jókòó, yóò dáhùn pé, ‘Á gba ibi ire o.’ Ẹni tí ó bá ń jẹun tí kò pe ènìyàn sí i, ahun ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀kọ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì wà nínú ètò yìí. Ọmọ tí ó bá bu òkèlè tí ó ju ẹnu rẹ̀ lọ, ojú ni àgbà yóò fi bá a wí. Kò gbọdọ̀ yára ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ nawọ́ sí ẹran kí àgbà tó pín in, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọbẹ̀ máa ro sílẹ̀. Wọn a rán an létí pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Òfin náà kò yọ àgbà sílẹ̀, nítorí pé àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ nǹkan kù sínú abọ́ fún ọmọ tí yóò fọ̀ ọ́. Bí ara ọmọ kan kò bá sì yá, ìdí abọ́ ni wọn yóò ti kọ́kọ́ fura. Kí ibà tó gbé e dè, ìyá rẹ̀ ti sọ pé, ‘Ọmọ yìí kò jẹun dáadáa láti àná.’ Ojú àwọn ẹlòmíràn wà lára oúnjẹ olúkúlùkù. Ojú yìí gan-an ni ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ lónìí.

Ohun tí ó wà nínú ìkòkò náà kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó se ọbẹ̀ ni ó lọ ata, òun ni ó já ẹ̀fọ́, òun ni ó sì mọ iye iyọ̀ tí ó bù sí i. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewúro, ewédú àti ilá kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé. Irú, tí wọ́n fi èso igi irúgbá ṣe, ń mú kí ọbẹ̀ ta sánsán láìjẹ́ pé a da iyọ̀ bò ó, ó sì tún ní èròjà tí ń mú ara dàgbà. Ẹ̀wà ń di mọ́ínmọ́ín, ó ń di àkàrà, ó ń di èkuru àti gbẹ̀gìrì. Lẹ́yìn oúnjẹ, ọsàn, ìbẹ́pẹ, máńgòrò tàbí àgbálùmọ̀ wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ pa ẹnu dà, bí ìgbà bá ṣe mú un wá. Àwọn tí ń jẹ oúnjẹ yìí sì tún ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀.

Ìyípadà náà kò dé lọ́jọ́ kan. Láàárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ lápò ìjọba, ìrẹsì àti búrẹ́dì tí ó gbára lé àlìkámà ilẹ̀ òkèèrè di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ìrẹsì tí ó ti jẹ́ oúnjẹ ọdún Kérésìmesì àti Iléyá wá di ohun tí ọmọdé ń béèrè lójoojúmọ́. Ìjọba fi òfin de ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè ní ọdún 1985, ó sì de àlìkámà ní ọdún 1987, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun ti mọ̀ wọ́n. Ní ọdún 1988 ni Indomie kọ́kọ́ wọ ọjà Nàìjíríà. Mágì ti wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ nígbà náà, irú sì ti ń di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ọwọ́ bo imú fún. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí wọ́n ń rà fún àlejò pàtàkì nìkan tẹ́lẹ̀, gba ipò omi.

Ohun tí ó tẹ̀lé e wà nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ ìṣègùn tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wọn ìfúnpá àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ní àwọn erékùṣù Káríbíà bíi Jàmáíkà, àti ní Amẹ́ríkà. Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n dé. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, 16 ni ó ní àrùn náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Káríbíà, àti 33 ní Amẹ́ríkà. Ìdílé kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sanra sí i, tí iyọ̀ inú oúnjẹ wọn sì ń pọ̀ sí i, ni àrùn náà ń pọ̀ sí i láàárín wọn. Bí ó bá jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ wọn nìkan ni àrùn náà ti wá, iye náà ì bá má yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Irú ìgbé ayé tí àwọn ọmọ ìyá wọn ń gbé lókè òkun nígbà náà ni ó ti wá ń wọ inú ilé nílẹ̀ Yorùbá yìí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Wọ́n tún ní kí èso àti ẹ̀fọ́ tí ènìyàn ń jẹ lóòjọ́ tó gíráàmù 400, ó kéré tán. Nígbà tí iyọ̀ bá wà nínú búrẹ́dì, tí ó wà nínú mágì, tí ó tún wà nínú ọ̀rá kékeré tí ó bá Indomie wá, ta ni yóò kà á? Igo ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo lè ní ṣúgà tí ó ju ṣíbí tíì mẹ́wàá lọ. Òfin ìṣúná ọdún 2021 fi owó orí náírà mẹ́wàá lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí pé ìjọba pàápàá ti rí ewu náà. Ṣùgbọ́n òfin kò lè jókòó ti ọmọ nídìí abọ́. Àtọ̀gbẹ àti rọpárọsẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lè máa rìn káàkiri fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé gbogbo ohun tí àwọn baba ńlá ṣe nídìí oúnjẹ ni ó dára. Àléébù wà níbẹ̀, ó sì tóbi. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ń jẹ ẹyin, yóò di olè. Ẹran tí ó tóbi ń lọ sọ́dọ̀ bàbá, egungun ń bá ọmọ. Ìyá tí ó dáná ni ó ń jẹun kẹ́yìn, ìgbà mìíràn omi ọbẹ̀ nìkan ni ó ń kàn án, bí ó tilẹ̀ lóyún sínú. Wọ́n a já ọmọ lẹ́nu ọmú, wọn a sì máa fi ògì nìkan bọ́ ọ. Dókítà David Morley, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní ìparí àwọn ọdún 1950, tẹ̀lé ìdàgbàsókè àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọn àwọn ọmọ náà, wọ́n sì ń kọ ìwọ̀n wọn sórí káàdì tí ìyá ń tọ́jú sọ́wọ́. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri ayé. Ó ń fi hàn pé ọmọ tí ògì nìkan ń bọ́ kì í dàgbà bí ó ti yẹ. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja àti edé ni ó ń fẹ́. Nítorí náà, àṣà tí ó yẹ kí ó padà ni àjọjẹ tí ọmọ ti ń rí ẹyin jẹ, tí ìyá sì ń jókòó jẹun pẹ̀lú àwọn yòókù.

Àwọn kan yóò ní kò sí àkókò. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó lo wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀ kò lè dé kí ó gún iyán. Àwọn mìíràn yóò ní ọjà ti gbóná, owó kò sí. Òótọ́ ni èyí náà. Ṣùgbọ́n àjọjẹ kò ní kí oúnjẹ jẹ́ ti ọdún. Ẹ̀kọ tútù àti ẹ̀fọ́ rírò, ẹ̀wà sísè, iṣu sísè àti epo díẹ̀ pẹ̀lú ẹja, oúnjẹ ni wọ́n. Bí ilé kan bá ṣírò iye tí kálukú ń ná sóde fún búrẹ́dì, bọ́ọ̀lì, pọ́fùpọ́fù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó lè yà wọ́n lẹ́nu pé owó ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò sì yẹ kí ó já lé obìnrin nìkan lórí. Àgbẹ̀ tí ó wà lábà ń sun iṣu fúnra rẹ̀, ọdẹ ń se oúnjẹ nínú igbó, kò sì sí ẹni tí ó bú wọn. Kí ló dé tí ọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì kò lè bó iṣu nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá ń lọ ata? Kí ló dé tí ọmọkùnrin kò lè já ẹ̀fọ́? Ọmọ tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ni yóò mọ ohun tí ó ń wọ inú ara rẹ̀ nígbà tí ó bá jìnnà sílé ní yunifásítì.

Oúnjẹ kan lóòjọ́ ti tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó jẹ́ ti alẹ́, tàbí ti àárọ̀ Sátidé àti Sọ́ńdè bí ọjọ́ iṣẹ́ kò bá gbà. Kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n gbé fóònù sí yàrá. Kò di dandan kí ọwọ́ gbogbo ènìyàn wọ inú abọ́ kan. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà gbòde, ayé rí i pé ó dára kí kálukú ní abọ́ tirẹ̀. Ìjókòó papọ̀ ni ó ṣe pàtàkì. Kí iyọ̀ má wà lórí tábìlì. Kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú abọ́, kí òkèlè kéré sí i. Kí wọ́n bu ti ọmọ kí wọ́n tó bu ti bàbá. Bí ìyá àgbà bá wà nílé, kí ó jókòó níbẹ̀, kí ó máa dárúkọ ewé tí ó wà nínú ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ. Àwọn olùkọ́ náà lè ràn wọ́n lọ́wọ́: kí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìtàn ọbẹ̀ kan tí wọ́n ń sè nílé rẹ̀, ẹni tí ó kọ́ wọn, àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí nǹkan kọ yóò lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú ilé náà.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ti ta ilẹ̀ nítorí àrùn tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí abọ́. Òwe àwọn àgbà ti ní kí ọmọdé wẹ ọwọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì ti wẹ̀ ẹ́. Ó kù sọ́wọ́ àwọn àgbà láti tètè délé, kí wọ́n sì jókòó.