Ọmọ ọdún 34 ni, àmọ́ sójà ara rẹ̀ ti darúgbó!

Nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé lọ́sẹ̀ yìí, ti télọ̀ obìnrin kan ló mú mi jókòó. Ọmọ ọdún 34 ni. Ó ní bí òun bá jí láàárọ̀, ìka ọwọ́ òun méjèèjì á le gbagidi, ó máa ń ju wákàtí kan lọ kí òun tó lè di sísọ́ọ̀sì mú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é, pé làkúrègbé kì í mú ọmọdé. Ṣé òótọ́ ni?

Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Làkúrègbé ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé oríkèé tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ló ń jẹ, ìyẹn ló pọ̀ lára àwọn àgbà. Òmíràn ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis. Láàárín ọdún 30 sí 60 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń mú obìnrin tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ọkùnrin. Àwọn oríkèé kéékèèké ló fẹ́ràn, ọwọ́ ọ̀tún àti tòsì lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ò lè jókòó sí ọ́fíìsì kí n ní òun ló ń ṣe yín o, dókítà ló máa yẹ̀ yín wò.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tí Màmá mú wá yẹn, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́. Nǹkan kan lè ti darúgbó nínú ara aláìsàn náà, bí òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́.

Ẹ gbọ́ ná. Sójà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Àwọn kan lára wọn, sẹ́ẹ̀lì T, ẹ̀yìn egungun àyà ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ogun, níbi tí wọ́n ń pè ní táímọ́ọ̀sì. Ọdún 1961 ni Jacques Miller fi iṣẹ́ ibẹ̀ hàn. Láti kékeré ni ibẹ̀ ti ń sún kì. Tí sójà tuntun ò bá wá pọ̀ mọ́, àwọn tó wà nílẹ̀ ni yóò máa pín ara wọn sí méjì-méjì láti dí àyè. Bí wọ́n bá sì ti ń pín ni ìdí okùn àjogúnbá inú wọn, tẹ́lómíà, ń kúrú, bí ọṣẹ ìfọṣọ ṣe ń tán lọ́wọ́ alágbàfọ̀.

Lọ́dún 2000, Cornelia Weyand, Jörg Goronzy àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Mayo Clinic, ní Minnesota, l'Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí jáde: sẹ́ẹ̀lì T àwọn tó ní àrùn yìí dà bíi ti ẹni tó fi nǹkan bí ogún ọdún jù wọ́n lọ. Ogún ọdún kẹ̀! Lọ́dún 2003 wọ́n tún rí i pé àwọn tára wọn le koko, àmọ́ tí wọ́n jogún ohun kan tó ń jẹ́ HLA-DR4, èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn aláìsàn yìí, tẹ́lómíà tiwọn náà ti kúrú láti ìgbà èwe. Ẹ rí i pé kì í ṣe ìyà àrùn nìkan ló ń sọ sójà di arúgbó.

Ẹnì kan á ní, sójà tó darúgbó, ṣé kò yẹ kó ti rẹ̀ ẹ́ ni? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Òmíràn nínú wọn á sọ CD28 nù, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń gba àṣẹ kí wọ́n tó jà. Wọn ò tètè kú, wọ́n á sì máa tú kẹ́míkà tó ń mú ara wú jáde. Àfi bíi sójà tó ti fẹ̀yìn tì tí kò dá ìbọn ìjọba padà! Inú oríkèé ni wọ́n ń wọ̀ tí wọ́n ń bá onílé jà, bẹ́ẹ̀ kòkòrò àrùn gidi ń kọjá lójú wọn.

Kò tíì sí oògùn tó ń dá wọn padà sí èwe, àmọ́ èyí tó ń gba ìbọn lọ́wọ́ wọn wà. Methotrexate ni dókítà sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó o, ẹni tó bá sọ ọ́ di ojoojúmọ́ lè kú, aláboyún ò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Prednisolone tí àwọn kan ń dédé rà ní kẹ́míìsì ń tètè mú wíwú lọ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lára, á sọ egungun di fúlẹ́fúlẹ́, á sì gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè.

Ẹ tètè lọ o, ẹ̀gbọ́n mi, torí eegun oríkèé tó bá ti jẹ kì í hù padà. Ẹ wọ ọsibítù ńlá tó bá sún mọ́ yín, ẹ ní dókítà oríkèé lẹ fẹ́ rí. Ẹ wo aago láàárọ̀ kí ẹ tó lọ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe pẹ́ tó kí ọwọ́ tó rọ̀. Wọ́n á bi yín.