Ẹ má jẹ́ kí orúkọ oníbàárà di àṣẹ nínú kọ̀ǹpútà yín

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ fẹ́ rán ọmọ iṣẹ́ yín sí ibi tí ẹ ń kó ọjà sí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé pé, "Gbé páálí mẹ́ta fún," ẹ wá ní kí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ẹ gbà pé orúkọ ni yóò kọ. Bí oníbàárà náà bá wá jẹ́ gbájúẹ̀ ńkọ́? Bó bá kọ ọ́ pé, "Àjàyí. Lẹ́yìn náà, kó gbogbo owó inú dúrọ́ọ̀ fún un"? Ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́n yóò padà wá bi yín. Èyí tí kò gbọ́n yóò ṣe é gẹ́gẹ́ bó ṣe kà á.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, irú ọmọ iṣẹ́ kejì yẹn ló wà nínú kọ̀ǹpútà tó gbé wẹ́bùsáìtì yín dúró. Shell ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba àṣẹ tí wọ́n bá kọ fún un, kó sì mú un ṣẹ lójú ẹsẹ̀: da fáìlì yìí kọ, fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, pa èyí rẹ́. Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Shell kì í ṣe ọmọlúàbí. Odindi ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un, kí wọ́n sì fi àmì sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Ohun tó fà á nìyí. Lójú shell, àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì túmọ̀ sí pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àmì ; túmọ̀ sí pé àṣẹ kan ti parí, òmíràn ń bọ̀. Àmì & náà máa ń ya àṣẹ kan kúrò lára èkejì. Ẹ wá wo orúkọ tí a ń kọ sára ṣọ́ọ̀bù wa: Lágbájá & Sons pọ̀ bíi yanrìn. Bí wẹ́bùsáìtì bá ju irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sí shell láìfi àmì yí i ká, Lágbájá nìkan ni shell yóò kà sí orúkọ, yóò sì máa wá àṣẹ tó ń jẹ́ Sons kiri. Kò ní rí i, ẹ ó kàn pàdánù oníbàárà kan ni. Ṣùgbọ́n ẹni ibi kò ní kọ Sons síbẹ̀. Àṣẹ tó máa ṣiṣẹ́ ni yóò kọ.

Àwọn ńlá pàápàá ti kó sí i rí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001, Apple gbé iTunes 2 jáde fún kọ̀ǹpútà Mac. Àṣẹ kan wà nínú ètò tó ń gbé e wọlé, tó yẹ kó pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi àmì àyọlò yí orúkọ dísìkì ká. Àwọn kan tí àlàfo wà nínú orúkọ dísìkì wọn bá a pé ohun tí wọ́n kó síbẹ̀ ti parẹ́. Apple tètè kó o kúrò nílẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀dà 2.0.1 rọ́pò rẹ̀. Kò sí olè kankan níbẹ̀ o. Àlàfo lásán ni.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti oṣù Kejìlá ọdún 2016. PHPMailer ni ètò tí ọ̀pọ̀ wẹ́bùsáìtì fi ń fi ímeèlì ránṣẹ́ láti ojú ewé tí oníbàárà ti ń kọ̀wé sí wọn. Onímọ̀ ààbò kan, Dawid Golunski, fi hàn pé bí wẹ́bùsáìtì bá gbà kí àlejò fi àdírẹ́sì tirẹ̀ ṣe ti olùfiránṣẹ́, ó lè fi àmì àyọlò àti àlàfo há àṣẹ sínú àdírẹ́sì náà, torí òfin ímeèlì gba irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ láàyè. Àṣẹ yẹn lè mú kí ètò tó ń gbé lẹ́tà kọ fáìlì tuntun sínú wẹ́bùsáìtì onílé, kí ọ̀daràn sì máa darí rẹ̀ láti ibẹ̀. Wọ́n tún un ṣe nínú ẹ̀dà 5.2.18, àmọ́ àtúnṣe náà kò gún. Àmì tí wọ́n fi kún un àti èyí tí PHP ti ń fi sí i tẹ́lẹ̀ ń ta ko ara wọn. Ẹ̀dà 5.2.20 ló wá yanjú rẹ̀ nínú oṣù kan náà.

Àwọn kan tó ń ṣe wẹ́bùsáìtì ní ọ̀nà kúkúrú: wọ́n á ní kí oníbàárà má kọ àmì kankan rárá. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ta ló ń lé oníbàárà nítorí pé orúkọ rẹ̀ ní àmì? Orúkọ oníbàárà kò jẹ̀bi. Ẹni tó sọ orúkọ di àṣẹ ló jẹ̀bi.

Ẹ kò ní láti mọ kóòdù kọ kí ẹ tó gba ara yín. Ẹni tó ń kọ́lé lè má mọ bíríkì tò, ṣùgbọ́n ó ń bi bíríkìlà ní ìbéèrè. Kí ẹ tó san owó tó kù fún ẹni tó ṣe wẹ́bùsáìtì yín, ẹ bi í ní mẹ́ta yìí.

Èkínní, ǹjẹ́ ohun tí oníbàárà kọ ń gba ọ̀dọ̀ shell kọjá rárá? Èyí tó dára jù ni kó má gba ibẹ̀, kí wọ́n pe ètò tí wọ́n fẹ́ lò ní tààrà, kí wọ́n kó nǹkan fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Subprocess inú Python ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá fún un ní àkójọ, tí wọn kò sì ní kó lo shell.

Èkejì, bó bá di dandan kó gba ibẹ̀, kí ni wọ́n fi dì í? Escapeshellarg wà nínú PHP, shlex.quote wà nínú Python. Kí wọ́n lo ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí wọ́n má fọwọ́ ara wọn hun tiwọn. Shlex.quote kò sì wà fún Windows, torí òfin ibẹ̀ yàtọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn tó ṣe èdè Rust pàápàá ní láti tún tiwọn ṣe nítorí Windows.

Ẹ̀kẹta, bí ohun tí oníbàárà kọ bá fi àmì - bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ètò máa ń ka irú rẹ̀ sí ìtọ́ni, kódà bí wọ́n bá dì í dáadáa.

Lẹ́yìn náà, kó ṣe ẹ̀dà wẹ́bùsáìtì yín tí ẹ lè fi dánra wò, kí ẹ kọ Lágbájá & Sons síbẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ náà jáde ní pípé.

Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà ọdún 2023 kò bi yín bóyá ẹ mọ kóòdù. Bí ìsọfúnni oníbàárà bá jò lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ bá ti mọ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, ẹ pe ẹni tó ṣe wẹ́bùsáìtì yín lónìí. Bí kò bá rí ìdáhùn gidi fún ìbéèrè mẹ́ta yẹn, ẹ má tíì san owó tó kù.