Ẹni Tó Gbin Ẹ̀gẹ́ Ni Kí Owó Dé Ọwọ́ Rẹ̀

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Sheriff Oborevwori,
Ilé Ìjọba, Asaba, Ìpínlẹ̀ Delta.

Agbassa ni mo ti ń kọ ìwé yìí, ní Warri, láàárín àwa Yorùbá tó ti bá ìlú yìí gbé tipẹ́. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni mo bá wá. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé Agbassa lọ́rọ̀ àgbẹ̀ ti ń jáde, nítorí ṣọ́ọ̀bù, ilé ìfowópamọ́ àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ló kúnbẹ̀ lónìí. Oko ni ibẹ̀ nígbà kan. Àwọn Urhobo tó tẹ̀ ẹ́ dó ń roko, wọ́n ń kọ ọ̀pẹ, wọ́n ń dẹ odò.

Ní 1911, Olóyè Dore Numa, ọmọ Itsekiri, buwọ́ lu ìwé tó fi ilẹ̀ Agbassa háyà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 99. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn ará Agbassa pè é lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà rìn títí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù, kò sì bọ́ sí i fún wọn. Mi ò wá dá ẹjọ́ ẹni tó ni Warri láàárín Urhobo, Itsekiri àti Ijaw o. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ṣàn lórí ọ̀rọ̀ yẹn ní 1997 àti 2003 ti tó gẹ́ẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé orúkọ àwọn olóyè ni ìtàn tọ́jú. Bí ọ̀nà ìjọba bá gba orí ebè ẹnì kan kọjá lásìkò yẹn, ta lonítọ̀hún? Kí ni wọ́n fún un? Kò sẹ́ni tó lè sọ fún wa.

Epo rọ̀bì wá dé. Ogunu àti Edjeba, tí wọ́n jẹ́ àdúgbò Agbassa, di ọ́fíìsì àti ilé gbígbé àwọn òṣìṣẹ́ Shell. Ilé ìfọpo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ekpan ní 1978, ilé iṣẹ́ irin ní Aladja ní 1982. Ní Osubi, ní ilẹ̀ Okpe tó bí yín, pápákọ̀ òfurufú wà níbẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n má kọ́ wọn. Àgbẹ̀ náà fẹ́ iná, ó fẹ́ ọ̀nà tó dáa, ó fẹ́ kí ọmọ òun ríṣẹ́ gidi ṣe. Àmọ́ nígbàkígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá dé, òun ló ń ká ẹrù, tó ń sún wọnú igbó, títí oko tó ń bọ́ Warri fi jìnnà sí Warri, tí owó ọkọ̀ sì ti wọnú iye tí à ń ra gàrí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gàrí yẹn díẹ̀. Ìyá kan wà tí mo máa ń ra tirẹ̀ ní ọjà Igbudu. Gàrí pupa ni, elépo, kò kan bíi ti Ìjẹ̀bú, ó sì máa ń ta sánsán lábẹ́ imú kó tó dénú abọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbin ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ẹbí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi í sí. Òun ló ń hú u, tó ń bó o, tó ń gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, tó ń dì í sápò, tó ń fi jáàkì tẹ omi inú rẹ̀ jáde, tó ń sẹ́ ẹ, tó ń yan án. Ó máa ń ya díẹ̀ sọ́tọ̀ tí á fi ṣe usi, ìyẹn sítáàsì tí àwọn Urhobo fi ń jẹ ọbẹ̀ ẹyìn. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ oko náà kọjá á ní ẹ̀gẹ́ lásán ni. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ á rí ata, ilá, ẹ̀gúsí tó ń nà gbalaja lórí ilẹ̀, àti ùgù lójú ọ̀nà. Ata yẹn ló fi ń ra ìwé fọ́mọ títí ẹ̀gẹ́ á fi gbó.

Lọ́jọ́ kan, àwọn tí ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ gba ilẹ̀ náà rán wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìdí ẹ̀gẹ́. Wọ́n pín in sí mẹ́ta: èyí tó gbó, èyí tó ń dàgbà lọ́wọ́, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Tirẹ̀ ò ju oṣù mẹ́fà lọ, àárín ni wọ́n kọ ọ́ sí, bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ di oṣù kejìlá, gbogbo rẹ̀ ni ì bá ta. Wọ́n ka ẹ̀gẹ́, wọn ò ka ata. Katapílà kọ́kọ́ dé, owó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ àwọn àgbà ẹbí lowó náà bọ́ sí, nítorí àwọn ló nilẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín in dọ́dọ̀ rẹ̀, kò ra àpò gàrí kan. Ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn ló ń rà báyìí, tó ń yan, tó ń tà. Iṣẹ́ kan náà ni lójú èmi oníbàárà rẹ̀, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ ti dọwọ́ ẹni tó ní oko.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí àwọn àgbà yẹn kíákíá. Òfin ló ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà, pé kó máa bá aráàlú tọ́jú rẹ̀. Ìpín 28 fún Gómìnà lágbára láti gbà á padà fún àǹfààní ìlú, títí kan ọ̀nà páìpù epo. Ìpín 29 ló sọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú. Ẹ tún un kà, Ọlọ́lá jùlọ. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó tí olúwarẹ̀ bá san lórí rẹ̀ lọ́dún yẹn nìkan ni wọ́n máa dá padà fún un. Àgbẹ̀ abúlé kì í san irú owó bẹ́ẹ̀ fún ìjọba, nítorí náà òfo ni. Ilé àti irè oko ló kù tí wọ́n lè díyelé. Ìpín yìí kan náà ló tún sọ pé bó bá jẹ́ àpapọ̀ ìlú ló ni ilẹ̀, Gómìnà lè pàṣẹ kí wọ́n san owó fún ìlú, tàbí fún olóyè tàbí olórí wọn, tàbí sínú àpò owó tí Gómìnà bá yàn. Èyí tó wuni nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnu yín ló wà. Ẹ ò nílò kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá yí ọ̀rọ̀ kan padà kí ẹ tó ṣe èyí tó tọ́.

Ẹ wo ohun tí àkúnya omi 2012 àti ti 2022 fi ojú àwọn ará Isoko àti Ndokwa rí. Wọ́n sáré hú ẹ̀gẹ́ tí kò gbó, ọjà kún fún un lẹ́ẹ̀kan náà, iye rẹ̀ wálẹ̀, nígbà tó yá gàrí wá gbówó lórí tọwọ́ ò tó o. Omi kì í kọ̀wé síni kó tó dé. Ìjọba lè kọ ọ́. Kò sí páìpù tàbí ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń yàwòrán rẹ̀ lónìí tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Nígbà tí ẹ ti mọ̀ ní ọ́fíìsì pé ọ̀nà máa gba ibì kan, kí ló dé tí ẹni tó ń kọ ebè níbẹ̀ ò fi lè mọ̀ kó tó ti igi ẹ̀gẹ́ bọlẹ̀? Ẹ fún un ní ọdún kan gbáko, kó kórè rẹ̀ tán. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, kí ẹ san iye tí ẹ̀gẹ́ náà ì bá tà bó bá gbó.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé kí ló kan Yorùbá. Ọmọ Urhobo ti ń lọ pa epo ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lẹ́bàá Òkìtìpupa láti ayé àwọn òyìnbó, wọ́n ń fún onílẹ̀ ní ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Títí di 1963, ìjọba Ìbàdàn kan náà ló ń ṣàkóso Warri àti Abẹ́òkúta. Òfin 1978 tí mo ń wí náà ló ṣí àgbẹ̀ àti apẹja nídìí ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí nígbà tí Èkó fẹ́ ibi tí yóò kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá sí. Bí Delta bá tún un ṣe, a óò ní ohun tí a lè nàka sí fún àwọn gómìnà tiwa.

Ohun tí mo ń béèrè fún ò pọ̀. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ gba ilẹ̀ oko, ẹ rán àwọn tó gbọ́ Urhobo, Itsekiri, Ijaw tàbí Isoko lọ síbẹ̀, kí wọ́n ka àwọn tó ń roko níbẹ̀ lórúkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ opó, ìbáà jẹ́ àlejò tó yá ilẹ̀. Kí wọ́n ka ata àti ùgù pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́. Owó ilẹ̀, tó bá wà, ẹ bá àwọn àgbà àti ọba sọ ọ́. Owó irè oko, ẹ san án sí àkáǹtì ẹni tó gbìn ín ní tààrà, kó má gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tẹ orúkọ gbogbo wọn sórí pátákó, pẹ̀lú iye tí ẹ san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé e sí ẹnu ọ̀nà ọjà tí wọ́n ń ná. Ẹ fi Igbudu bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ tí owó ò dé ọwọ́ rẹ̀ á mọ ibi tí yóò mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ, kí ẹ sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà òṣìṣẹ́ tí yóò gbọ́ ọ sí ìsàlẹ̀ pátákó náà.