Sátífíkéètì Dé, Irinṣẹ́ Dà?

Bí ọmọṣẹ́ aránṣọ bá fẹ́ gba fíríìdọ̀mù ní Ìlobùú tàbí ní Ifọ́n-Ọ̀ṣun, gbogbo àdúgbò ló máa ń mọ̀. Ọ̀gá á pe ẹgbẹ́, wọ́n á ṣe àdúrà, wọ́n á gbé sísọ́ọ̀sì àti téèpù lé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò, ìrẹsì á sì jinná. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá, ẹ wò ó dáadáa. Kí ọjọ́ náà tó pé ni ìyá ọmọ ti ń dá àjọ ẹ̀rọ ìránṣọ, tí bàbá ti ń wá ṣọ́ọ̀bù kiri, tí ọmọ fúnra rẹ̀ sì ti mọ kọ́sítọ́mà mẹ́ta mẹ́rin tó máa tẹ̀lé e. Ìmúra ti parí kí ìlù tó dún.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó lọ kọ́ bíìsìnẹ́ẹ̀sì nílé-ìwé gíga ló wá yàtọ̀. Ọmọ á lo ọdún méjì fún ND ní Póòlì Ìrèé tàbí Póòlì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ẹdẹ, á fi ọdún kan ṣe IT, á tún lo ọdún méjì fún HND. Ọdún márùn-ún gbáko nìyẹn, bí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì. Ọdún 1992 ni wọ́n ti dá iléèwé méjèèjì sílẹ̀, ẹ wo bí àwọn tó ti gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó! Bó bá wá ku oṣù mẹ́ta kí ọmọ jáde, kí ni wọ́n ń ṣe nílé? Aṣọ ẹbí ni ìyá ń yàn. Kánópì ni bàbá ń háyà. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé, irinṣẹ́ ọmọ yìí dà?

Ìyá míì á ní, "Mo rán an nílé-ìwé kó má baà jókòó sídìí gààrí bíi tèmi ni." Ọ̀rọ̀ náà wọni lára. Ẹni tí oòrùn ti pa lọ́jà fún ogún ọdún, kò burú tó bá fẹ́ fáànù ọ́fíìsì fún ọmọ rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Sẹkitéríàtì Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn wà ní Ìlobùú, ti Òrólú wà ní Ifọ́n. Àga tó wà nínú méjèèjì kò lè kárí gbogbo ọmọ tó ń jáde lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fi ọ́fíìsì nìkan ṣe ìrètí, ó lè fi ìdúró pẹ́ bí ọ̀nà.

Ibi tí ìmúra ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ọdún IT. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń wá ibi tí wọ́n á ti bá wọn sáìnì lọ́gíbúùkù, tí wọ́n á sì lọ sùn. Èyí kò dáa. Ọ̀gá tó máa jẹ́ kó mọ bí wọ́n ṣe ń ra ọjà, tí wọ́n ń tà á, tí wọ́n ń gba gbèsè, ni kó wá lọ. Ọmọṣẹ́ ni, kì í ṣe àlejò.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti kòpà. Ọdún 1973 ni ìjọba Gowon dá NYSC sílẹ̀. Ọmọ tí kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà tó jáde gbọ́dọ̀ sìnlú fún ọdún kan. Ẹni tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ ni wọ́n ń fún un. Lọ́dún 2025, owó oṣù kòpà kúrò ní 33,000 náírà, ó di 77,000. Bí ọmọ bá rọra fi 20,000 pamọ́ lóṣù kọ̀ọ̀kan, 240,000 ló máa bá lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá bọ́ káàkì. Láti ọdún 2012 náà ni wọ́n ti ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ ní kámpù, èyí tí wọ́n ń pè ní SAED. Àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sọ fún tiyín kó má bá wọn ṣe é.

Kí wá ni irinṣẹ́ ẹni tó kọ́ bíìsìnẹ́ẹ̀sì? Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta gààrí ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ rẹ̀ wálé fún họlidé, ó ní, "Màámi, èló lẹ jèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Ìyá ní, "A ń jẹun, Ọlọ́run ń ṣe é."

"Ẹ má bínú ma, èló gan-an?"

Ìyá dákẹ́. Ọmọ mú ìwé, ó kọ owó ọkọ̀, owó alábàárù, owó tíkẹ́ẹ̀tì, gààrí tí wọ́n ń bù jẹ nílé, àti àwìn. Ìgbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán ni wọ́n rí i pé àwìn ló ń jẹ èrè àpò méjì nínú mẹ́ta. Ẹ ò rí i pé owó iléèwé kò ṣòfò! Ìwé àkọsílẹ̀ ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́, ìdí ọjà ìyá sì ni kó ti kọ́kọ́ lò ó, kó tó jáde. Èkejì ni kọ́sítọ́mà tó fọkàn tán an. Ẹ̀kẹta ni orúkọ: kó forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, torí báńkì kò ní ṣí àkáǹtì lórúkọ òwò láìrí ìwé yẹn.

Ní ìlú méjì yìí pàápàá, àkọsílẹ̀ kì í ṣe fáàrí. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìlobùú, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Ta ló lè na ọjà lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ní ìwé tó fi mọ iye ọjà rẹ̀ àti ẹni tó jẹ ẹ́, tó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbòmíì, ó ní ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ sórí, bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, ìṣirò náà dàrú nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má yọ̀. Ọmọ tó fi ọdún márùn-ún jìyà ìwé yẹ lẹ́ni à ń gbé ìrẹsì lé iná fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ná 308,000 náírà sí òde ọjọ́ kan, owó kòpà oṣù mẹ́rin ló jẹ ní ìjókòó kan. Ẹ se ìkòkò kan dípò mẹ́ta, kí ẹ fi ìyókù ṣe owó òwò fún ọmọ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ra ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ de ọjọ́ fíríìdọ̀mù, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó lọ kọ́ bíìsìnẹ́ẹ̀sì.