Danny DeVito kọ owó iṣẹ́, ó gba ìpín: kí ni oníṣòwò kékeré lè rí kọ́ níbẹ̀?

Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Danny DeVito, òṣèré ọmọ Amẹ́ríkà, rí. Gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 10 lọ, kì í sì í ṣe irú ẹni tí wọ́n máa ń fi ṣe arẹwà ọkọ ìyàwó nínú sinimá. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ owó, ó yẹ kí oníṣòwò fara balẹ̀ wo ọ̀nà tó gbà.

Ìpínlẹ̀ New Jersey ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1944. Nígbà tó jáde ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀bù irun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ti ń ṣiṣẹ́. Torí kó lè kọ́ mékọ́ọ̀pù mọ́ iṣẹ́ irun ló ṣe lọ sí American Academy of Dramatic Arts, ibẹ̀ sì ni eré ṣíṣe ti wọ̀ ọ́ lára. Láti 1978 sí 1983, òun ló ṣe Louie, ọ̀gá aláriwo tó ń pín mọ́tò fún àwọn awakọ̀, nínú eré tẹlifíṣàn Taxi. Iṣẹ́ yẹn ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Emmy nídìí rẹ̀ ní 1981.

Ọdún 1988 ni ọ̀rọ̀ wá gba ibòmíràn yọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Universal fẹ́ ṣe fíìmù Twins, DeVito, Arnold Schwarzenegger àti olùdarí wọn, Ivan Reitman, ní àwọn kò gba owó iṣẹ́. Ìpín nínú ohun tí fíìmù bá pa ni kí wọ́n fún àwọn. Owó tí wọ́n fi ṣe é kò tó $20 mílíọ̀nù. Ohun tó pa kárí ayé lé ní $200 mílíọ̀nù. Schwarzenegger ti sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí fíìmù tó mú owó wọlé fún òun tó o.

Lẹ́yìn èyí ni DeVito àti Michael Shamberg dá Jersey Films sílẹ̀, Stacey Sher sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n wà lára àwọn tó gbé Pulp Fiction jáde ní 1994. TriStar ti kọ fíìmù yìí kí Miramax tó gbà á. Nǹkan bíi $8 mílíọ̀nù ni wọ́n ná lé e lórí, ó sì pa ju $200 mílíọ̀nù lọ. Ní 2000, wọ́n gbé Erin Brockovich jáde. DeVito kò ṣeré nínú ọ̀kankan nínú méjèèjì; ó ti kúrò lẹ́ni tó ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa pè é síṣẹ́.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má torí èyí kó ọjà rẹ̀ lé oníbàárà lọ́wọ́ torí pé ó ní, “Tó bá tà, màá fún yín ní tiyín.” Ẹ wò ó dáadáa: Universal ló náwó kámẹ́rà, òṣìṣẹ́ àti ìpolówó. Iṣẹ́ ara rẹ̀ nìkan ni DeVito fi dáwọ́ lé e, ebi kò sì pa á nígbà yẹn.

Ohun kejì ni ìwé àdéhùn. Lọ́dún 1988 kan náà ni Coming to America, tí Eddie Murphy ṣe, jáde. Òǹkọ̀wé Art Buchwald ní inú ìtàn òun ni wọ́n ti mú un, ilé-ẹjọ́ sì dá a láre ní 1990. Ìpín nínú èrè ló wà nínú àdéhùn rẹ̀. Fíìmù náà pa ju $280 mílíọ̀nù lọ, síbẹ̀ Paramount ní kò sí èrè kankan tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìnáwó!

Nítorí náà, aránṣọ tó fẹ́ rán 50 aṣọ fún oníbùtíìkì lórí ìpín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba owó aṣọ, òwú àti iná. Owó ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kó fi sílẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú iye tí wọ́n bá ta aṣọ ni ìpín rẹ̀ yóò ti jáde, kì í ṣe inú èrè, torí ẹni tó di ìwé ìnáwó mú ló máa sọ bóyá èrè wà.